Apata Tó Gba Èèyàn Mẹ́wàá

Ọjọ́ Ajé, 4 Bélú. Ṣakí.

Òjò ti dá. Àǹtí Níkẹ́ ní kí n wá aṣọ tó nípọn sílẹ̀, pé ọyẹ́ ilẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àlejò. Mo ní, "Àǹtí, Kánádà ni mo ti ń bọ̀ o, níbi tí omi ti ń di òkúta." Wọ́n ní, "Òtútù tibẹ̀ ò mọ̀ ọ́. Èyí mọ bàbá ẹ." Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, èèyàn kì í fi ọ̀rọ̀ borí wọn.

Èsì dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ní Kánádà. Wọ́n fẹ́ràn ìlú tí èmi àti Dáníẹ́lì, tí a jọ ń ṣe géèmù, yà, wọ́n fẹ́ràn ẹṣin, wọ́n fẹ́ràn ọ̀dàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: ìhámọ́ra dà? Wọ́n ní nínú gbogbo géèmù tó ń wá láti ọ̀dọ̀ wa, ìhòòhò ni àwọn jagunjagun máa ń wà, idà wọn kì í wúwo, ọfà á gún èèyàn, ẹni náà á sì máa sáré lọ bí ẹni pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Wọ́n fẹ́ ìjà tó jẹ́ òótọ́: ohun ìjà tó ń dá apá lágara, ìhámọ́ra tó ń gba èémí lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Kí á fi odidi ogun kan ránṣẹ́ kí Ṣẹ́rẹ́ tó parí. Bí wọ́n bá gbà á, ọdún méjì ni n ó fi wà níbí, tí n ó máa ṣe é. Bí wọn ò bá gbà á, màmá mi ti sọ tiwọn: eré ti tó, kí n padà wá wá iṣẹ́ gidi.

N kò fẹ́ padà. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá àlá àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ Yorùbá. N kò tilẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Bélú. Àgọ́-Àrẹ.

Mo dé ọ̀dọ̀ Baba Ògúndìran, àbúrò bàbá àgbà mi. Oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́, ni wọ́n fi ń pè mí. Ọdẹ ni wọ́n kí ojú wọn tó di bàìbàì. Ohùn wọn náà ti há, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ èémí nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo sì ń ké lẹ́yìn ògiri. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu wọn kí ó lè gba ohùn wọn sílẹ̀.

Mo bi wọ́n pé nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin wá kó ìlú láyé bàbá bàbá wọn, kí ni àwọn èèyàn wa fi dáàbò bo ara wọn. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Apata ni."

"Apata báwo, Baba?"

"Apata náà ni, Àbẹ̀kẹ́. Àbí o ò mọ apata ni? Ọfà kan ò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ẹlẹ́ṣin ò rí i ṣe mọ́."

"Ṣé ẹnì kan ni apata kan máa ń gbà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ẹnì kan kẹ̀! Ọ̀kan wà tó gba èèyàn mẹ́wàá. Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀ tòun toyún."

Èèyàn mẹ́wàá! Mo ti kàwé nípa asà oríṣiríṣi ilẹ̀, n kò gbọ́ irú èyí rí. Bí mo ṣe ń padà sí Ṣakí lórí ọ̀kadà, orin ni mò ń kọ, eruku sì kún ẹnu mi.

12 Bélú

Dáníẹ́lì Ìyápọ̀ dé láti Ìsẹ́yìn, òun ló ń kọ kóòdù, èmi ni mò ń ṣètò ìjà. Yàrá ìta Àǹtí ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Mo sọ ti apata fún un.

"Èèyàn mẹ́wàá lẹ́yìn asà kan? Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí kí ni?"

"Baba ló sọ ọ́."

"Baba ò wá sọ ẹni tó ń gbé e?"

"N ó bi wọ́n."

Ó tún ní kí n yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò lára gbogbo orúkọ tó wà nínú kóòdù, pé bí ẹ̀rọ bá ti rí i, ṣe ló ń dákú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ ṣe di "oko" kan náà. A wá ń fi oko gún ẹlẹ́ṣin láyà. Ó dùn mí díẹ̀. Mo yọ wọ́n.

Ọjọ́rú, 20 Bélú. Ìsẹ́yìn.

Ọjọ́ tó dára. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ lè dá ọfà dúró lóòótọ́. Waheedat, ọ̀rẹ́ Dáníẹ́lì, òfì ni wọ́n ń hun nílé wọn. Ó fún wa ní àwọn èyí tí òwú wọn já. A ká a mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọdẹ kan sì bá wa ta ọfà sí i. Ọfà àkọ́kọ́ wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. A wá ṣẹ́ òfì náà lé ara wọn nípọn-nípọn, a ki òwú sáàárín wọn, a rán an pọ̀. Ọfà dé ibẹ̀, ó dúró, ó sì so rọ̀. Mo fò sókè.

Waheedat pariwo, "Ẹ rọra o! Ìyàwó ni mò ń hun òfì fún, mi ò hun ún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀!"

A wọ̀ ọ́ fún Dáníẹ́lì, a ní kí ó sáré yí àgbàlá ká nínú oòrùn. Kò tíì yí i ká lẹ́ẹ̀kejì tó ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ máńgòrò. "Ẹ pa mí tán," ó ní, "ẹ jẹ́ kí ọfà bà mí." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹ̀wù olówùú, ọfà ò wọ̀ ọ́, èémí ló ń jẹ. Ibi tí òótọ́ wà nìyẹn. Ohun tó ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ọfà náà ló ń fún ọ lọ́rùn.

3 Ọ̀pẹ

Káfíńtà tí a ní kó kan apata kan fún wa, kí á lè mọ ìwúwo rẹ̀, ti parí rẹ̀. Pákó gẹdú ni, awọ màlúù lójú, ó fẹ̀ tó kí èèyàn mẹ́wàá fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀. Kò ṣeé gbé. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò gbìyànjú. Ìyá kan tó ń kọjá béèrè bóyá ogun ti dé ni, ẹnì kan dá a lóhùn pé rárá, mọ́tò Àǹtí Níkẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi í bò.

Nígbà tí mo jí lọ́sàn-án, Àǹtí ti ní kí àwọn ọkùnrin náà bá wọn tì í dùbúlẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì ti sá ẹ̀lùbọ́ lé e.

"Àǹtí!"

"Kí ló dé? Ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. N ò ní gbé ẹ̀lùbọ́ gun òkè mọ́."

Ìwúwo rẹ̀ wà nínú géèmù báyìí. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé e?

10 Ọ̀pẹ. Àgọ́-Àrẹ.

"Baba, ta ló máa ń gbé apata ọ̀hún?"

"Gbé e lọ síbo?"

"Lọ sójú ogun."

Wọ́n kọjú sí mi títí. "Àbẹ̀kẹ́, ta ló tó o gbé? Ọlọ́run ló gbé e síbẹ̀."

Ó yé mi! Wọn kì í gbé e kiri. Wọ́n máa ń rì í mọ́lẹ̀ níbì kan pẹ̀lú àdúrà ni, kí ogun tó dé. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ṣe é.

"Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé èmi ni mo dá a ni?" Ó ti ń sú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dìde, wọ́n fi kún un pé lọ́sàn-án kò ṣeé fẹ̀yìn tì, pé ó máa ń gbóná bí ìkòkò, bí ọyẹ́ bá sì mú, á tutù wọ egungun.

Irin ni! Kí ló tún ń gbóná bẹ́ẹ̀? Irin ló wà lójú rẹ̀. Dáníẹ́lì ti fi í sínú kóòdù: bí oòrùn bá kan àtàrí, ẹni tó fara ti apata á máa jóná díẹ̀díẹ̀, á ní láti yàn bóyá ọfà ló fẹ́ ni tàbí iná.

18 Ọ̀pẹ

Ọyẹ́ dé. Ètè mi ti là, epo jẹnẹrétọ̀ sì tún ti wọ́n sí i.

A fi ìdajì ogun náà ránṣẹ́ sí Kánádà, wọ́n sì ti fèsì. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí òótọ́ irú èyí nínú géèmù. Ẹ̀wù òfì wù wọ́n, ṣùgbọ́n apata ló mú wọn lọ́kàn: apata ńlá àwọn ará Òkè-Ògùn, irin gbígbóná, èèyàn mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí á fi í ṣe àwòrán iwájú géèmù. Wọ́n fẹ́ kí á fi í sọ géèmù náà lórúkọ.

Dáníẹ́lì gbé mi, ó fi mí yí. Wọ́n pè é sí iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, ó ti ní òun ò lọ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Ọ̀pẹ

Baba ṣubú lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Apá ọ̀tún wọn kú, ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àǹtí ti gbé wọn wá sílé níbí. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Ṣẹ́rẹ́

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ka Sáàmù dé ibi tí wọ́n ti pe Olúwa ní àpáta. Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, ó gòkè, ó padà sí àárín. N kò kọbi ara sí i. Ìwàásù bẹ̀rẹ̀, pásítọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ nípa ìhámọ́ra, mo sì tẹ́tí nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n dárúkọ apata ìgbàgbọ́. Ohùn wọn dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tẹ́ bíi tábìlì.

Mo yí sí Àǹtí. "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni?"

"Èwo?"

"Èyí tí wọ́n kà àti èyí tí pásítọ̀ sọ."

"Òkè olókùúta nìyẹn. Asà nìyí. Jẹ́ kí n gbọ́ ìwàásù."

Nílé wa ní Kánádà, kékeré òkúta, òkúta là ń pè é; ńlá òkúta, òkúta náà ni. Kò sí ẹni tó pe àpáta sí mi létí rí.

Ọfà kan ò lè wọ̀ ọ́. Ó gba èèyàn mẹ́wàá. Ta ló tó o gbé? Ọlọ́run ló gbé e síbẹ̀. Ṣé èmi ni mo dá a ni?

Wọ́n dìde kọrin, èmi ń wá ohùn Baba nínú fóònù.

6 Ṣẹ́rẹ́

Mo fi ohùn Baba sínú ẹ̀rọ tí mo fi ń tún ohùn géèmù ṣe, èyí tó máa ń fa ìlà sókè sódò bí ohùn bá ṣe ń lọ. Mo kọ́kọ́ fi ohùn ara mi sọ apata. Ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pákó. Mo wá wo ti Baba. Èémí ni, ikọ́ ni, ẹ̀rọ àgbàdo ni, ìlà náà já wẹ́wẹ́. Ibì kan ṣoṣo ló ti fara hàn: ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó rí bí òkè gan-an.

Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ẹ̀rọ àgbàdo ló ṣe é. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí etí mi fi ń hó, n kò mọ èyí tí mò ń gbọ́ mọ́.

7 Ṣẹ́rẹ́

Mo sọ fún Dáníẹ́lì. Ó gbọ́ ohùn Baba lẹ́ẹ̀mejì.

"O ò dájú," ó ní.

"N ò dájú."

"Ó dáa. A jẹ́ pé asà ni."

"Dáníẹ́lì."

"Ta ló máa mọ̀? Kánádà ò mọ àmì. Ẹ̀rọ ò mọ àmì. Baba ò lè sọ̀rọ̀. Kí ló ń dà ọ́ láàmú?"

"Èmi á mọ̀."

"Ìwọ! Ìwọ tí o ò mọ̀ títí di àárọ̀ ìjẹta, òyìnbó?"

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó jáde, kò sì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti kọ iṣẹ́ Ìbàdàn sílẹ̀ nítorí apata mi, kí ni mo fẹ́ kó sọ?

Ohun tó burú jù ni pé mo ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ òun ló sọ òótọ́.

9 Ṣẹ́rẹ́

N kò ṣí kọ̀ǹpútà. Ọyẹ́ mú gan-an. Ó ti mọ̀ mí báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́

Àǹtí ń fi ṣíbí bu ògì sí Baba lẹ́nu láàárọ̀. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Bí wọ́n bá ní asà ni, mo bọ́. Bí wọ́n bá ní òkè ni, ó parí. Mo tún un pè nínú ara mi kí n má baà ṣì í pè.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ìyá ìyá yín sá sẹ́yìn ẹ̀ nígbà ogun, apata ni àbí àpáta?"

Ẹnu wọn yí, ó ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Ògì ṣàn sí wọn lágbọ̀n.

"Fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀," Àǹtí ní. "Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́, Fìyìn."

Nígbà náà ni nǹkan kan jáde láti imú wọn.

"Hùn. Hún. Hun."

Èmi náà kùn ún padà fún wọn, ní títẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀: "Hun, hun, hun?"

Wọ́n di ojú. Wọ́n mi orí díẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Rárá. Wọ́n tún un kùn, ó wọlẹ̀, ó gòkè, ó padà sí àárín: "Hùn. Hún. Hun."

Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àpáta. Wọ́n ní—"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Mo gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Òun náà ló sì ba tèmi jẹ́.

Baba fi ọwọ́ òsì wá ọwọ́ mi. Mo jẹ́ kí wọ́n dì í mú. N kò lè wo ojú wọn.

16 Ṣẹ́rẹ́

Mo kọ̀wé sí Kánádà, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Pé kò sí apata kankan, pé èmi ni mo ṣì í gbọ́, pé ẹ̀wù òfì nìkan ló jẹ́ òótọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí á ṣe ogun náà bó ṣe ṣẹlẹ̀: àwọn èèyàn tí wọn ò ní ìhámọ́ra kankan, tí wọ́n sáré, tí wọ́n fún ara wọn mọ́ àárín òkúta, aboyún láàárín wọn, ẹṣin ń tẹ ilẹ̀ nísàlẹ̀, oòrùn ń jó wọn lẹ́yìn, wọn ò sì gbọdọ̀ húkọ́. Mo ní ìhámọ́ra wa kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀. Ibi tí à ń sá lọ ni.

Dáníẹ́lì ní kí n má fi orúkọ òun sí i.

24 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n fèsì. Wọ́n dúpẹ́ fún òtítọ́ inú mi. Wọ́n ní ìjà làwọn fẹ́, pé ẹni tó ń sá pamọ́ kò jà, pé ẹni tó ra géèmù kò ní fẹ́ jókòó sẹ́yìn òkúta kó máa di èémí mú. Láìsí apata, kò sí ohun tí àwọn lè fi ta á. Wọ́n kí wa pé kí á má rẹ̀wẹ̀sì.

Dáníẹ́lì di báàgì ẹ̀. Iṣẹ́ Ìbàdàn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ń lọ wò ó bóyá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Òfì yẹn jẹ́ òótọ́ ṣá," ó ní. "Ọfà ò wọ̀ ọ́."

"Ó jẹ́ òótọ́."

"Ó dàbọ̀, Fìyìn."

Apata ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Àǹtí béèrè bóyá àwọn lè máa lò ó lọ. Mo ní kí wọ́n máa lò ó.

28 Ṣẹ́rẹ́

Màmá mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Mo lọ sí Àgọ́-Àrẹ, mo ní kí ẹnì kan mú mi dé àpáta náà. Kò jìnnà. Ẹ̀lùbọ́ funfun bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin ń yí i kí ó lè gbẹ. Ọ̀sán gangan ni. Mo lọ sí àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo wò ó: èèyàn mẹ́wàá, bí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀. Mo fẹ̀yìn tì í. Ó gbóná bí ìkòkò. Mo yára kúrò.

Obìnrin kan rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àlejò, ó jó ẹ? Àárọ̀ la máa ń fara tì í!"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," mo ní.

Mo délé, mo jókòó ti Baba díẹ̀. Mo kùn ún fún wọn, ó wọlẹ̀, ó gòkè, ó padà sí àárín. Oorun ni wọ́n ń sùn.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo wá ibi tí Dáníẹ́lì kọ orúkọ gbogbo ìhámọ́ra sí, mo rí apata níbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo pa ìwúwo náà rẹ́, n kò rí ohun tí mo lè fi dípò rẹ̀. Mo wá fi àmì sórí orúkọ náà, àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan, àmì ohùn òkè kan, mo sì fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìfi nǹkan sí i lórí. Mo ní kí géèmù náà ṣí.

Kò ṣí.

N kò yọ àmì náà.